Ihò Òkè Ògiri

"Ta ló ní kí ẹ dí i?" Fọláṣẹwà nawọ́ sí òkè ògiri yàrá.

Ayọ̀kúnlé bíríkìlà ń ha sìmẹ́ńtì gbígbẹ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà Apòmù ni ilé tuntun náà wà, béèyàn bá ń ti Ìkirè bọ̀, níbi tí oko kòkó ti kún dé etí títì nígbà kan rí. Àwọn arúgbó tí ọmọ wọn ti tú ká ni yóò máa gbé ibẹ̀. Fọláṣẹwà, ẹnjiníà tó ṣètò omi àti afẹ́fẹ́ ilé náà, ti rí sí i pé oòrùn ni yóò máa fa omi sókè, oòrùn ni yóò sì máa mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìwẹ̀. Ihò gbọọrọ lókè ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan ni ooru yóò máa gbà jáde, iná ìjọba ìbáà wà, ìbáà má sí. Ọ̀la ni àwọn arúgbó ń bọ̀, wọ́n sì ti rẹ́ gbogbo ihò náà pa.

"Èmi ni mo ní kó dí i."

Alàgbà Othniel, alága ìgbìmọ̀ ilé náà tó fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Fọláṣẹwà kúnlẹ̀ kí i. Bàbá ní ẹ̀jẹ̀ arúgbó kì í gbóná, pé atẹ́gùn ọyẹ́ ló pa ìyá òun. Tí ooru bá mú, wọn a ra ẹ̀rọ amúlétutù. Tí iná bá lọ, wọn a tan jẹnẹrétọ̀.

Fọláṣẹwà ní ihò náà ní ìdérí. Ẹni tí òtútù bá ń mú, kó fa okùn rẹ̀. Ó wá bẹ bàbá pé kó jókòó díẹ̀. Ó pa fèrèsé dé, bí arúgbó ti í ṣe nítorí ẹ̀fọn, ó sì padà wá kúnlẹ̀. Kò pẹ́ tí òógùn fi ń ṣàn lọ́rùn bàbá.

"Ooru ń mú yín, sà?"

"Ata tí mo jẹ lọ́sàn-án ni." Bàbá nu ojú. "Ìyá tìẹ ńkọ́? Ṣé wàá mú un wá síbí?"

"Yàrá tí a wà yìí ni tiwọn, sà."

Bàbá wo òkè ògiri. "Bí òòlù bá kan ògiri yìí, iṣẹ́ rẹ parí níbí."

Fọláṣẹwà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá kò ní kó dìde. Fọláṣẹwà dìde fúnra rẹ̀, ó na ọwọ́ sí Ayọ̀kúnlé pé kó fún òun ní òòlù. Ayọ̀kúnlé wo ojú bàbá. Kò fún un, kò sì gbé e pamọ́. Ó rọra gbé e sílẹ̀ láàrin àwọn méjèèjì, ó jáde.

"Ẹ jẹ́ kí n parí ti òní ná, sà."

Fọláṣẹwà mú òòlù nílẹ̀, ó gun àkàbà. Sìmẹ́ńtì náà kò tíì le; ó ya lulẹ̀, eruku sì bo fìlà bàbá. Bàbá ní òun kò gbọdọ̀ rí i níbí lọ́la. Fọláṣẹwà ní òun ti gbọ́, sà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àkàbà lé èjìká, ó kọrí sí yàrá kejì.