Ìkíni Bàbá Dèbórà

Bí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ Sólómọ́nì ọkọ mi, ẹ má gbé ọbẹ̀ sórí iná sílé. Yóò jinná, yóò sì jó, kí ó tó béèrè ohun tí ẹ bá wá. Yóò kọ́kọ́ kí yín kú ọkọ̀, yóò kí yín kú omi, yóò béèrè àwọn ọmọ, yóò béèrè pẹ́pẹ́yẹ. Tí mo bá ní kó dín in kù, á ní, "Ìyá Dèbórà, ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò."

Ìwà yìí gan-an ló jẹ́ kó ríṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ epo kan fi sìmẹ́ǹtì ṣe ibi tí hẹlikọ́pítà yóò máa balẹ̀ sí ní abúlé wa, tí kò jìnnà sí Ugbonla. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa di wọkitọ́kì mú, tí yóò máa sọ fún páílọ́ọ̀tì bóyá ilẹ̀ mọ́ tàbí kò mọ́. Àwọn àgbà ní kò sẹ́ni tó mọ èèyàn-án bá sọ̀rọ̀ tó Sólómọ́nì. Wọ́n mú un lọ sí Warri, wọ́n kọ́ ọ, ó sì gbé ẹ̀wù pupa rẹ́súrẹ́sú kan dé tí kì í bọ́ lọ́rùn rẹ̀ àfi tó bá fẹ́ wẹ̀.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé orí òpó lójú omi ni gbogbo ilé wa wà. Sìmẹ́ǹtì yẹn nìkan ni ilẹ̀ gbígbẹ tí a ní. Ọjọ́rú ni hẹlikọ́pítà máa ń wá. Àwọn ọjọ́ yòókù, tiwa ni. Orí tapólì, ọ̀rá ńlá tí a ń tẹ́ sílẹ̀, la ti ń sá edé níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni Dèbórà ọmọ wa ń rọbí, ọkọ rẹ̀ sì wà lójú òkun. Nọ́ọ̀sì Moríkẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó wá fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Mà, ọmọ yìí dábùú. Àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Tí ò bá dé ọsibítù lónìí, àtìyá àtọmọ la lè pàdánù." Òkun ń ru, ewéko sì ti bo odò wa pátápátá, kò sí ọkọ̀ tó lè kọjá. Sólómọ́nì bẹ̀bẹ̀ lórí ẹ̀rọ títí tí hẹlikọ́pítà kan tó ń bọ̀ láti ojú òkun fi gbà láti yà gbé e.

A fi ẹní gbé Dèbórà dé ẹ̀gbẹ́ Sìmẹ́ǹtì. Gbogbo abúlé ń sáré kó edé kúrò. Tapólì ńlá méjì tí Àràmídé aládùúgbò wa sá edé sí ló kù nílẹ̀ nígbà tí páílọ́ọ̀tì pè. Báyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kí wọ́n máa sọ, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú ni, òun àti ọkọ mi sì ti sọ ọ́ di Yorùbá láàárín ara wọn.

"Bàbá, ẹ káàsán. Mo ti sún mọ́ yín. Báwo ni ibẹ̀?"

"Ẹ káàsán o, ọ̀gá mi. A dúpẹ́, dáadáa ni. Ẹ kú ọkọ̀, ẹ kú afẹ́fẹ́. Àwọn ará ilé ńkọ́?"

Ọkọ mi fọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ sọ̀rọ̀, kí Báyọ̀ lè dá a lóhùn bí ọmọlúàbí. Ẹ̀yìn ìyẹn ló fẹ́ wá sọ ti tapólì. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe tún tẹ bọ́tìnnì náà, Báyọ̀ náà ti tẹ tirẹ̀. Bí ẹni méjì bá sì tẹ ẹ̀rọ yẹn pọ̀, ẹnì kankan kì í gbọ́ra. "Dáadáa ni" ni Báyọ̀ gbọ́, ló bá ń bọ̀ nílẹ̀.

Atẹ́gùn hẹlikọ́pítà gbé tapólì kan. Edé ń rọ̀ lé wa lórí, tapólì sì ń lọ tààrà sí ibi tí abẹ orí hẹlikọ́pítà ti ń yí. Báyọ̀ gbé hẹlikọ́pítà sókè lójijì, ó yí orí rẹ̀ padà sójú òkun. Tapólì já sómi. Ká ní ó wọ inú abẹ yẹn ni, ǹ bá má rí ẹnu ròyìn.

Dèbórà di aṣọ mi mú. "Ìye, ó ti lọ?"

"Kò tí ì lọ, ọma mi."

Inú ọkọ mi bí mi débi pé omi ń bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bá mi jà.

"Ẹ má balẹ̀," ni mo sọ. "Tapólì kan ṣì wà nílẹ̀. Ẹ dúró lókè. Ẹ tún un sọ kí n gbọ́."

Báyọ̀ dáhùn: "Mi ò ní balẹ̀. Tapólì kan ṣì wà nílẹ̀. Mo dúró lókè. Ta nìyẹn?"

"Ìyá aláboyún."

"Ẹ ṣe kíá, mà. Epo mi ò pọ̀."

A wọ́ tapólì náà jùnù sómi tòun ti edé. Àràmídé lè bá mi jà tó bá yá.

"Ilẹ̀ ti mọ́," mo ní. "Kò sóhun tó kù níbẹ̀."

"Ilẹ̀ ti mọ́. Kò sóhun tó kù. Mò ń balẹ̀."

Wọ́n gbé Dèbórà wọ inú hẹlikọ́pítà, Moríkẹ́ sì tẹ̀ lé e. Ó ku àyè ẹnì kan. Sólómọ́nì ń wo ojú mi. Mo ní, "Ẹ máa bá wọn lọ. Ẹ̀jẹ̀ yín ló bá tirẹ̀ mu." Ó bẹ́ wọ inú rẹ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú, mo ṣì wà lórí Sìmẹ́ǹtì, kí fóònù mi tó dún. Mo rí i pé Sólómọ́nì ni. Ẹ̀rù bà mí pé kí n tó mọ̀ bóyá ọmọ mi wà láàyè, n óò kọ́kọ́ dáhùn ará ilé, n óò dáhùn omi, n óò dáhùn pẹ́pẹ́yẹ.

"Dèbórà yè," ló sọ. "Ọkùnrin ló bí. Òun náà yè. Tún un sọ kí n gbọ́."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú.

"Dèbórà yè," ni mo wí. "Ọkùnrin ló bí. Òun náà yè."

"Bẹ́ẹ̀ ni." Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀, tó sì wú ikọ́. "Ó wá ku ìkíni. Ìyá Dèbórà, o kú ìrọ̀lẹ́ o. O kú ilé, o kú àdúrótì. Omi wa ńkọ́? Ṣé ó ti rọlẹ̀?"

Mo jókòó sórí Sìmẹ́ǹtì, mo jẹ́ kó kí mi tán.