Ọkọ Tó Kún fún Èéfín

Mo ń jowú. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Ọkùnrin tí mo sì ń bá jowú ti lè kú kí wọ́n tó bí bàbá mi.

Iṣẹ́ pátákó kíkọ ni mò ń ṣe. Bí ẹ bá rí MA SE TO SIBI lára ògiri kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀. Mi ò kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, torí àmì ń jẹ ọ̀dà, ó sì ń sọ pátákó di wúruwùru. Ìyàwó mi bá mi jà sí i títí. "Bàbá Ìbejì, ẹ wo ohun tí ẹ kọ. Ṣé kí wọ́n má tọ̀ síbẹ̀ ni, àbí kí wọ́n má tò síbẹ̀?" Mo ní ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mọ èyí tí mò ń wí. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà sú u, òun náà kò fi àmì sí nǹkan kan mọ́, títí dórí ìwé pélébé tó máa ń kọ fún mi pé kí n ra ọṣẹ bọ̀.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gbọn eruku ara ìwé dànù, táá tẹ́ ẹ kó gún, táá sì kó o sínú páálí. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n gbé páálí tuntun kan fún un, àtìgbà náà ni ara rẹ̀ ti ń wà nílé tí ọkàn rẹ̀ kì í sí nílé. Á bu omi sínú kẹ́tùlù, kò ní tan iná sí i. Mo bá a sọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, ó ń fèsì "ẹn-ẹn" níbi tó yẹ kó ti sọ pé rárá.

"Kí lò ń rò gan-an?" ni mo bi í.

"Ayé ìgbà yẹn ni. Ì bá ṣe pé ìgbà yẹn ni wọ́n bí mi!"

"Ìgbà tí kò sí iná mànàmáná?"

"Ìgbà tí èèyàn ń rójú ráyè," ló wí, ó tún ti lọ.

Ó mú ẹ̀dà fọ́tò kan wálé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí wa. Èèyàn bíi méjìlá dúró lórí pèpéle kan, gbogbo wọn ń wo apá kan náà. Ọkùnrin kan wà níwájú wọn tó dé fìlà funfun, tó lọ́ irunmú rẹ̀ sókè, tó sì di aago oníṣéènì mú. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe dúró," ni ìyàwó mi wí. Ti ọkùnrin yẹn nìkan ni mo rí. Ó dúró bí ẹni tí ìyàwó kò pariwo mọ́ rí.

Ọjọ́ Sátidé kan, mo ń wá sísọ́ọ̀sì nínú báàgì rẹ̀ nígbà tó ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ìwé àjákọ kan ni mo bá. Mo ṣí i. Àṣìṣe mi nìyẹn.

"Oko mi ti de. Mo gbo ariwo re lati okeere, okan mi bale. Gbogbo ara re gbona, o kun fun eefin, bee naa ni mo se feran re. Oko mi ki i pe. Bi o ba ni aago meje, aago meje naa ni."

Orí mi fò lọ. Ìyàwó mi, tí kì í jẹ́ kí n jókòó ti ẹni tó ń fa sìgá! Aláriwo tún ni! Ṣùgbọ́n ibi tí kì í ti í pẹ́ yẹn ló dùn mí wọ egungun, torí èmi, bí mo bá ní aago mẹ́ta, ẹ máa retí mi lọ́la. Mo padà lọ wo fọ́tò. Òun ni. Aago tó dì mú yẹn ló tú àṣírí rẹ̀.

Mo dá irunmú sí. Mo ra fìlà funfun. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ń wọlé ní aago méje ìrọ̀lẹ́ géérégé, tí àwọn ìbejì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, tí ìyá wọn ń béèrè bóyá ara mi ò yá. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo dé, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ń kọ̀wé. Mo fọwọ́ gbá tábìlì.

"Ìyá Ìbejì, ta ni ọkọ rẹ?"

"Ẹ̀yin ni, àfi tí ẹ bá ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀."

"Kì í ṣe èmi! Èyí tó ń fa sìgá ni mò ń bi ọ́!" Mo já ìwé gbà, mo kà á sí i létí. "Ọkọ mi ti dé! Gbogbo ara rẹ̀ gbóná, ó kún fún èéfín! Kò tì ọ́ lójú?"

Ó wò mí, ó wo fìlà mi. Ó bú sẹ́rìn-ín débi pé ilẹ̀ ló jókòó sí.

"Ọkọ̀ ni! Bàbá Ìbejì, ọkọ̀! Ọkọ̀ ojú irin! Páálí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ni wọ́n gbé fún mi. Ọkọ̀ làwọn tó wà nínú fọ́tò yẹn ń retí. Ọkọ ta ló máa ń kún fún èéfín? Ẹ ò ṣáà fẹ́ kí àmì jẹ ọ̀dà yín!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ṣí fìlà. Ara tù mí bí ẹni tí wọ́n bọ́ bàtà tó fún lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo bá jókòó, mo ka ìwé náà láti ojú ewé àkọ́kọ́, bó ṣe yẹ kí n kà á.

Obìnrin inú ìwé náà, ìyàwó mi fúnra rẹ̀, wọ aṣọ funfun, ó wọ ọkọ̀ ní aago méje àárọ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó sọ̀ níbi tó ti ní yàrá kan, tábìlì kan, àga kan. Ó ṣí fèrèsé. Ẹnikẹ́ni kò pè é. Mo ń ṣí ìwé lọ, mo ń wá ara mi. Mi ò sí níbẹ̀. Àwọn ìbejì kò sí níbẹ̀. Kò tiẹ̀ sí akọ̀wé-pátákó kankan ní gbogbo ibùdókọ̀ náà.

"Ta ló ń dúró dè ọ́ níbi tí o ti ń sọ̀?"

"Kò séèyàn."

"Rárá rárá?"

"Ibi tó ti dùn nìyẹn." Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ má bínú. Mi ò kì í pẹ́ níbẹ̀. Mo máa ń padà."

Ọkùnrin onífìlà, mo lè bá a jà. Mo lè dá irunmú sí ju tirẹ̀ lọ. Àga kan ṣoṣo tí ìyàwó mi jókòó sí tí kò rántí mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ bá ìyẹn jà? Mo jowú àga náà ju bí mo ṣe jowú ọkùnrin onífìlà lọ.

Ó na pẹ́ńsù sí mi. "Ó yá, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Ẹ fi àmì sí gbogbo rẹ̀."

Mo fi sí i. Tóótó méjì nísàlẹ̀, ìlà kan lórí èyí tó gbẹ̀yìn: ọkọ̀. Ìgbà mọ́kànlélógójì. Mo ń fi sí i lọ títí mo fi dé ojú ewé tó ń kọ nígbà tí mo wọlé. "Oko mi ti de. Mo sare jade lo pade re." Mo fi tóótó méjì sísàlẹ̀. Mo gbé pẹ́ńsù sókè láti fa ìlà tó kù. Mi ò fà á. Ọkọ ló wà níbẹ̀.

Ó gba ìwé, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́. Ó dé ibẹ̀. Ìka rẹ̀ dúró. Rọ́bà ìpàwérẹ́ wà nítòsí ọwọ́ rẹ̀, pẹ́ńsù náà sì wà níbẹ̀. Kò mú ọ̀kankan. Ó pa ìwé náà dé, ó dìde, ó bu omi sínú kẹ́tùlù, ó sì tan iná sí i.