Ta Ló Ń Fi Òróró Pa Sítíárìn?

Èmi kì í gba ènìyàn gbọ́ bọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá kí mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan náà, mo ti ń ro ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Nítorí náà, nígbà tí Máníjà Adéríbigbé dédé pè wá pé ká wá máa fọ gbogbo bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ wọn ní Gowon Estate, Ọláníyan ọkọ mi ń jó, èmi ń wo ẹnu ọkùnrin náà.

Kí ló tiẹ̀ rí lára wa? Àgbàlá ilé wa ní Egan, kànga, ẹ̀rọ tó ń tú omi, èmi, ọkọ mi, àti Simeon, ọmọ iṣẹ́ wa tó ti wà pẹ̀lú wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí iṣẹ́ àgbàṣe yìí ni Ọláníyan ṣe fi iṣẹ́ oṣù rẹ̀ sílẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́ pẹ́nrẹ́n, a ò ní ibòmíràn tí oúnjẹ máa ti wá.

Ní ọ̀sán Sátidé ni àwọn awakọ̀ máa ń kó bọ́ọ̀sì wá. A ó fọ̀ wọ́n nínú àti lóde, a ó fi wọ́n sílẹ̀ lágbàlá kí àga lè gbẹ. Simeon á sun ibẹ̀, á máa ṣọ́ wọn. Ní kùtùkùtù Sunday, àwọn awakọ̀ á wá kó wọn lọ, torí ilé-iṣẹ́ náà ń fi wọ́n kó àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Oṣù àkọ́kọ́ lọ geere. Lẹ́yìn ìyẹn ni Máníjà pè.

"Madam, kí lẹ ń fi pa sítíárìn wa? Ọwọ́ awakọ̀ mi yọ̀ lórí bíríìjì Abúlé Ẹ̀gbá! Ọlọ́run ló yọ wá o."

Mo ní a kì í fi nǹkan kan pa sítíárìn, aṣọ tútù àti ọṣẹ díẹ̀ la fi ń nù ún. Táyà nìkan la ń fi òróró dán. Kò gbọ́ tèmi. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi lójú. Ọwọ́ náà ń dán yinrin.

"Ẹ wò ó fúnra yín. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ ṣá, ó parí nìyẹn. Màá wá ẹlòmíràn."

Inú mi ní, ẹ ò rí i bí! Mo ti gbọ́ pé àna rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ibi ìfọmọ́tò sí Ìkọ̀tún. Ó dá mi lójú pé awakọ̀ rẹ̀ kan ló ń fi òróró pa á kó tó gbé e jáde. Ṣùgbọ́n Simeon ni Ọláníyan dójú lé, torí òun ló ń dán táyà, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbẹ.

"Simeon, wo ojú mi. Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi kọ́, ọ̀gá."

"Ta wá ni?"

Simeon dákẹ́. Ó gbójú sí ìloro, níbi tí Màmá, ìyá ọkọ mi tó ń gbé pẹ̀lú wa, jókòó sí, ó sì tún sọ ojú rẹ̀ sílẹ̀. Dídákẹ́ tó dákẹ́ yẹn ló kó bá a. Ọláníyan ní kó kó ẹrù rẹ̀. Simeon lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó súre títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo wa ní àmín.

Sátidé tó tẹ̀lé e, èmi fúnra mi ni mo nu sítíárìn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di àfẹ̀mọ́júmọ́, mo wọ inú bọ́ọ̀sì kan, mo sá pamọ́ sí àga ẹ̀yìn pẹ̀lú igi ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo ti mọ èébú tí màá kọ́kọ́ bú awakọ̀ Adéríbigbé.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìró sílípáàsì ni mo gbọ́.

Màmá ni. Ó da ìborùn bo èjìká, ó mú ìgò òróró àdúrà rẹ̀ dání. Ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó wá ń fi pa sítíárìn yípo, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fi òróró pa orí ọmọ tuntun.

"Olúwa, ẹni tó bá di èyí mú á lọ, á bọ̀. Iṣẹ́ yìí ò ní bọ́ mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́. Simeon tí wọ́n lé, Bàbá, ẹ má gbàgbé ẹ̀."

Igi bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó yíjú padà, ó rí mi, ojú rẹ̀ sì tú ká.

"Ìyàwó mi! Ìwọ náà wá gbàdúrà?"

Inú ń bí mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Nígbà tó kárí wọn tán tó wọlé, mo sáré gbé aṣọ àti omi ọṣẹ, mo nu gbogbo rẹ̀ kí àwọn awakọ̀ tó dé.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo wá Simeon lọ sí ibi tó ti ń fọ mọ́tò báyìí ní Ìgàndò.

"Simeon, o mọ̀, àbí?"

"Mo mọ̀, mà. Tí Màmá bá ti wọlé ni mo máa ń nù ún. Nígbà míì, awakọ̀ á dé kí n tó kárí."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Kí n ní ìyá ọ̀gá ló ń ba iṣẹ́ ọ̀gá jẹ́? Ní ìṣojú Màmá?"

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó padà wá. Ó fún omi kúrò lára aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí.

"Madam, tí mo bá padà, ta lẹ máa sọ fún ọ̀gá pé ó ṣe é?"

Ìyàwó ilé tó bá la ẹnu pé ìyá ọkọ òun ń fi nǹkan pa mọ́tò ní ìdájí, ta ló máa dúró gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀? Àti Màmá, tí ẹnikẹ́ni ò sọ ẹ̀ṣẹ̀ Simeon fún, ńkọ́, tó bá gbọ́ pé àdúrà òun ló lé e?

Mo padà sílé. Ní gbogbo Sunday báyìí, Màmá á lọ níwájú pẹ̀lú ìgò, èmi á tẹ̀lé e lẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ. Máníjà ti ń yìn wá. Ọláníyan sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà sọ́dọ̀ wa pé látìgbà tí òun ti lé Simeon, sítíárìn ò yọ̀ mọ́. Èmi á tẹrí ba, màá máa fún omi kúrò lára aṣọ ọwọ́ mi.