Awọ Ara Kẹ́hìndé

Púráímárì fọ́ọ̀ ni a wà ní Ìlàrè nígbà tí Kẹ́hìndé, ìkejì mi, tọ̀ sínú àmù omi ọ̀gá ilé ìwé. Ojú kan náà ni a jọ ní. Èmi ni ọ̀gá rí mú. Ó nà mí lójú gbogbo ọmọ ilé ìwé. Kẹ́hìndé dúró lórí ìlà, kò la ẹnu. N kò padà sí ilé ìwé mọ́. Fún ọdún méjìlélógójì, ìkíni ọdún nìkan ló kù láàárín wa.

Irin àlòkù ni mo ń rà ní Sábó. Ní oṣù tó kọjá, mo rí irin kékeré kan tó ń dán láàárín ọjà mi, mo fi sápò ọ̀tún. Nígbà tí itan bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, mo gbé e sápò òsì. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Itan méjèèjì pọ́n, wọ́n lé omi, wọ́n wá dúdú bí ìdí ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ iná kankan kò kàn mí.

Dókítà Yéjídé ní ìtànṣán olóró tí ojú kò rí ló jó mi. Inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú páìpù ni irin náà ti bọ́. Wọ́n ti gbé e lọ nínú àpótí òjé.

"Bàbá, ibi tó jó ṣì ń kú wọ inú lọ. A ó gé e kúrò, a ó fi awọ bò ó. Bí a kò bá rí i bò, ẹsẹ̀ ni a ó gé."

Ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sílẹ̀ jù. Wọn kò lè dá ọgbẹ́ tuntun sí mi lára láti gé awọ èmi fúnra mi. Awọ ẹlòmíràn, ara mi yóò kọ̀ ọ́, àfi ti ìbejì olójú kan náà.

Mo ní n kò ní ẹnikẹ́ni. Àyọ̀kẹ́ ìyàwó mi ló pe Kẹ́hìndé.

Kẹ́hìndé wọlé, ó wo itan mi, ó gbé ojú kúrò. "Táíwò, mo ní kí o lọ tọ́ ayé wò fún mi. N kò ní kí o kó iná sápò."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé ìwé wá kí n fọwọ́ sí i. Ẹ̀rù bà mí, síbẹ̀ ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "N kò gba awọ rẹ̀ àfi bí ó bá sọ ọ́."

"Kó sọ kí ni?" Dókítà bi mí. "Bàbá, wọ́n ń dúró dè wá ní yàrá iṣẹ́ abẹ."

"Ó mọ̀ ọ́n."

Kẹ́hìndé wo ilẹ̀kùn. Bí ó bá jáde, ẹsẹ̀ mi lọ nìyẹn. Mo fẹ́ pe ọ̀rọ̀ mi padà, ẹnu mi kò gbà.

"Lójú àwọn ọmọ yìí?" ó bi mí, ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí dókítà àti nọ́ọ̀sì.

"Ṣé kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti nà mí?"

Ó ṣí fìlà, ó wú ikọ́. Ó pariwo débi pé àwọn aláìsàn tó kù yíjú sí wa.

"Èmi Kẹ́hìndé ni mo tọ̀ sínú àmù ọ̀gá. Táíwò kò sí níbẹ̀."