Àdúrà Ìparí

"Ṣé ọ̀la nìkan ni, àbí títí lọ?"

Mọ́rúfù télọ̀ kò gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó fi béèrè ọ̀rọ̀ náà. Kíkẹ́lọmọ, olùkọ́ tí wọ́n rán sí i láti ilé-ẹ̀kọ́, dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò Fájuyì.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni ọ̀gá àgbà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé, ti lé Qanitah ọmọ Mọ́rúfù sílé nítorí híjáàbù orí rẹ̀, ọmọ tó wà ní kíláàsì àṣekágbá. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni o! Ìjọ ló dá a sílẹ̀ láyé àtijọ́ lóòótọ́, àmọ́ Ajíbádé ń ṣe bí ẹni pé òun ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún ní ogún.

Àfi bí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn láti òkè òkun ṣe ní àwọn ń bọ̀ wá bẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà wò ní ọ̀la. Ayé ń pariwo lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ní Nàìjíríà, wọ́n fẹ́ wá fojú ara wọn rí i. Níbi ètò tí wọ́n máa fi gbà wọ́n lálejò, Kristẹni ni yóò gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, Mùsùlùmí ni yóò gba ti ìparí, bí a ṣe ń ṣe é níbi gbogbo. Ìgbà yẹn ni Ajíbádé rántí pé Qanitah, Mùsùlùmí kan ṣoṣo tí wọ́n ní, wà láyé. Ó tilẹ̀ ní kó wọ híjáàbù tó tóbi dáadáa, kó lè hàn nínú fọ́tò.

"Ọ̀la nìkan ni wọ́n sọ fún mi, Bàbá Qanitah."

Mọ́rúfù dá ẹ̀rọ dúró. "Tíṣà, ẹ ò ṣẹ̀ mí, iṣẹ́ ni wọ́n rán yín. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ mi kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń yọ jáde nígbà tí àlejò bá dé."

Qanitah tó ń gán bọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan béèrè pé ibo ni wọ́n bá Báyọ́lójì dé. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú Kíkẹ́lọmọ.

Nígbà tó jíṣẹ́ fún Ajíbádé, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n wé gèlè mọ́ Ìfẹ́olúwa lórí, kí wọ́n kọ́ ọ ní Fátíhà tí àwọn Mùsùlùmí fi ń gbàdúrà, òyìnbó wo ló máa mọ̀? Ìfẹ́olúwa, ọmọ pásítọ̀! Kíkẹ́lọmọ ro ohun tó gbọ́ yìí wò. Irọ́ níwájú Ọlọ́run, kí àlejò lè yìn wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, Kíkẹ́lọmọ ni wọ́n fi ṣe olùdarí ètò. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere títí ó fi kan àdúrà ìparí. Ìfẹ́olúwa dìde pẹ̀lú gèlè lórí.

"Ìfẹ́olúwa, jókòó," ni Kíkẹ́lọmọ wí. Ó kọjú sí àwọn òbí tó wá síbi ètò náà, ó fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀. "Kristẹni ni ọmọ yìí. Qanitah tó yẹ kó gbàdúrà yìí wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Híjáàbù la torí ẹ̀ lé e."

Ajíbádé ṣẹ́jú sí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ, wọ́n pa makirofóònù. Kíkẹ́lọmọ gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó rìn lọ síwájú àwọn àlejò, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì.