Àgbá Tí Wọ́n Kọ Clara Kejì Sí Lára

Ní gbogbo Lawton, ìlú kan ní Oklahoma nílẹ̀ Amẹ́ríkà, bó bá ti kan ọ̀rọ̀ àgbá, kò sẹ́ni tó ń bá Orville Tackett jiyàn. Sájẹ́ǹtì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Inú ẹgbẹ́ ológun oníàgbá ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀, ó yin àgbá ní Vietnam títí etí òsì rẹ̀ fi di. Ní báyìí tó ti darúgbó, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan ló máa ń lọ láràárọ̀, níbi táwọn èèyàn ti ń kó fọ́tò bàbá àti bàbá bàbá wọn wá, pé kó bá àwọn wo ọdún tí wọ́n yà á. Yóò gbé awò lé e, yóò wo kẹ̀kẹ́ àgbá bóyá onígi ni tàbí onírọ́bà, yóò wo ẹnu rẹ̀, yóò wo bàtà àwọn ọmọ ogun, yóò sì sọ ọdún jáde bí ẹni pé òun gan-an ló ya fọ́tò náà. Ó sì máa ń tọ̀nà. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń tọ̀nà lójoojúmọ́, bó pẹ́ bó yá, kì í yẹ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wò mọ́.

Nígbà ìkórè àlìkámà tó kọjá ni Lorene Hubka wá bá a láti Prague, ìlú àwọn ọmọ Czech tó wà lápá ìlà oòrùn Oklahoma. Opó ni, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, òun nìkan ló sì kù nínú ìdílé wọn. Ó gbé agbọ̀n kolache lọ́wọ́ kan, ìyẹn búrẹ́dì dídùn àwọn ọmọ Czech tí wọ́n fi èso púlọ́ọ̀mù sínú rẹ̀. Fọ́tò kan wà lọ́wọ́ kejì: ọmọ ogun mẹ́rin dúró ti àgbá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, oòrùn ń pa wọ́n lójú.

“Ẹ̀gbọ́n mi Emil nìyí,” ó fìka kan ẹni tó ga jù. “Inú àpótí ìyá wa ni mo ti rí i. Wọn ò kọ nǹkan kan sẹ́yìn rẹ̀.”

Ó wá ro ọ̀ràn rẹ̀. Àwọn ológun ti sọ látijọ́ pé inú yìnyín ní Kòríà ni Emil kú sí, níparí oṣù Kọkànlá ọdún 1950, nígbà tí ọ̀tá lé wọn sẹ́yìn. Wọn ò rí òkú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àìpẹ́ yìí wọ́n ní àwọn ti rí egungun rẹ̀, kí ó wá fọwọ́ sí i kí wọ́n lè gbé e wálé, kí wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ọkàn Lorene ò gbà á.

“Egungun ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà nínú àpótí kan ṣoṣo,” ó ní. “Ta ló mọ ti ta? Sájẹ́ǹtì, sọ ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò yìí fún mi.”

Orville gbé awò lé e. Ó rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sára ọ̀pá àgbá náà, ìyẹn ibi gígùn tí ọta ń gbà jáde: CLARA II. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí owó he.

“Ẹ jókòó, Mísì Lorene, kí n ṣàlàyé fún yín. Àwa oníàgbá, a máa ń sọ àgbá wa lórúkọ bí ẹni sọmọ lórúkọ ni. Àwọn ẹgbẹ́ A á sọ tiwọn ní Anna, àwọn ẹgbẹ́ C á sọ tiwọn ní Clara. Ẹgbẹ́ C ni ẹ̀gbọ́n yín wà, àbí?”

“Ẹgbẹ́ C ni.”

“Ó dáa. Gbogbo àgbá ẹgbẹ́ C ló bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá nígbà tí wọ́n ń sá lóṣù Kọkànlá yẹn. Clara àkọ́kọ́ bá a lọ nìyẹn. Tí Clara bá wá di kejì, a jẹ́ pé lẹ́yìn ìsáré yẹn ni wọ́n fún wọn ní òmíràn. Ẹ wo ara wọn, ṣẹ́ẹ̀tì lásán ni wọ́n wọ̀, òtútù ti lọ. Ìgbà ìrúwé ọdún 1951 ni.”

Ojú ìyá náà tàn. “Ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ti kú nígbà yẹn.”

“Òkú kì í dúró ti àgbá kó máa rẹ́rìn-ín, mà,” ni Orville dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí ara rẹ̀. Ó tún un sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tún fi ẹ̀rín sí i.

Láti ìgbà náà ni Lorene ti kọ̀ jálẹ̀, kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Ó ní bóyá ṣe ni wọ́n mú Emil lẹ́rú lọ sí àríwá, bóyá ó bímọ síbẹ̀. Ó ń fi kolache ránṣẹ́ sí Orville lóṣooṣù, Orville sì ń jẹ ẹ́.

Nígbà tí òtútù dé, ọkùnrin kan láti Texas fi fọ́tò bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹgbẹ́ C náà ni bàbá rẹ̀ wà. Nínú ọ̀kan, àwọn ọmọ ogun bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nínú oòrùn. Ọ̀pá àgbá àtijọ́ kan wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú koríko, CLARA ni wọ́n kọ sí i. Ọ̀pá tuntun wà lórí kẹ̀kẹ́. Emil mú búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà lọ́wọ́, ó ń kọ CLARA II sí i lára. Ilé ìfọ̀tò ti tẹ oṣù sí etí funfun fọ́tò náà: oṣù Kẹjọ, ọdún 1950, oṣù mẹ́ta ṣáájú ìsáré yẹn.

Orville gbé awò kalẹ̀. Ọ̀pá àgbá a máa gbó bíi bàtà. Bí wọ́n bá yìn ín jù, inú rẹ̀ á jẹ, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi òmíràn sí i, orúkọ tó wà lára ti àkọ́kọ́ á sì bá a lọ. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Òun fúnra rẹ̀ ti pààrọ̀ ọ̀pá ní Vietnam, òun ló tún fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ tó fi di kejì. Kì í ṣe pé kò mọ̀. Ó mọ̀ dájú, ṣùgbọ́n ojú ìyá arúgbó yẹn tó ń tàn ló kó sí i lórí, òun náà sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó jí òkú dìde. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtìjú bò ó débi pé kò lè jẹun ọ̀sán.

Darla, obìnrin Kiowa, ẹ̀yà kan nínú àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, bá a níbẹ̀.

“Sájẹ́ǹtì, láti àárọ̀ lo ti tẹjú mọ́ fọ́tò kan náà. Ṣé o fẹ́ fẹ́ ẹ ni?”

Orville sọ fún un. Darla ò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Lọ sọ fún un.”

“Jẹ́ kí n dúró kí òtútù lọ díẹ̀. Àyà rẹ̀ ò le.”

“Àyà ta ni ò le? O sáré sọ ti àkọ́kọ́, àbí o ò sáré? Bí ìyá yẹn bá kú lónìí, ta ló kù tó máa fọwọ́ sí egungun ọmọ ọlọ́mọ? Gbé mọ́tò rẹ, jàre.”

Ó gbé mọ́tò. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, kò rí ọ̀kan. Ẹyin lohùn, èyí tó ti jábọ́, ta ni yóò lẹ̀ ẹ́ pọ̀?

Inú ilé ìdáná ni Lorene ti gbà á lálejò. Ó ti fi férémù sí fọ́tò náà, ó gbé e kọ́ sókè tábìlì. “Sájẹ́ǹtì tèmi! Kí ló dé tí ojú rẹ rí báyìí? Jókòó, kọfí wà lórí iná.”

Orville ò jókòó. Ó gbé fọ́tò ti Texas kalẹ̀, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Lorene wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

“Ìwọ ò mọ̀ pé ọ̀pá yẹn máa ń gbó ni?”

“Mo mọ̀, mà.”

“O mọ̀.”

“Inú yín dùn, mà. Ó wù mí kí n jẹ́ ẹni tó mú inú yín dùn.”

Lorene fọwọ́ di ẹnu. Nígbà tó máa gbé e kúrò, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

“Bàbá arúgbó kan pè mí lẹ́yìn Kérésì, láti Arkansas. Hobart Yancey ló pe ara rẹ̀. Ó ní ìdí àgbá kan náà lòun àti Emil wà, pé ọwọ́ òun ló kú sí nínú yìnyín, àti pé ó rán òun sí mi. Mo ní, ‘Òpùrọ́ burúkú, mo ní fọ́tò!’ Mo gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Ó tún pè. Mi ò gbé e.”

“Nọ́ńbà rẹ̀ dà?” Orville ti ń wá fóònù tirẹ̀ lápò. “Ẹ jẹ́ ká pè é, mà. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́ fúnra mi.”

Wọ́n pè. Obìnrin kan ló gbé e, ọmọ Hobart ni. Lorene sọ ẹni tó jẹ́.

“Áà, Mísì Hubka,” ni obìnrin náà wí. “A ti sin bàbá wa, mà. Kò tíì pẹ́.”

“Ẹ dákun, ọmọ mi. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi rán an, ṣé ó sọ ọ́ fún yín?”

“A bi í títí, mà. Ó ní ọmọdébìnrin kan ni wọ́n rán òun sí, pé kò tọ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ ṣáájú rẹ̀. Kò sọ ọ́ títí tó fi lọ.”

Lorene dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé fóònù kalẹ̀. Ó lọ mú ìwé àwọn ológun wá látinú yàrá, ó fọwọ́ sí i lórí tábìlì ìdáná, ó sì tẹ orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an. Orville dúró bí ẹni tí wọ́n ní kó máà mira. Ó fẹ́ kí ìyá náà bú òun, kó lé òun jáde. Kò bú u.

“Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà,” ni Lorene wí. “Ìwọ tó o mọ gbogbo nǹkan, kí lo rò pé ó ní kí wọ́n sọ fún mi?”

Orville wo fọ́tò tó wà nínú férémù náà.

“Mi ò mọ̀, mà.”

“Ohun tó yẹ kí o ti sọ nígbà ìkórè nìyẹn,” ni Lorene wí, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un.