Ọ̀rọ̀ Swahili Lẹ́nu Màmá Mi

Bọ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi, kí ilẹ̀ tó mọ́ lónìí, mo rí màmá mi lójú àlá. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ìlá, àmọ́ òkun Mombasa tí mò ń gbé yìí ló kún pálọ̀ lẹ́yìn wọn. Aṣọ tí a fi sin wọ́n ló wà lọ́rùn wọn, omi ò sì kàn án. Bí mo ṣe fẹ́ wọlé, wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ sí mi: "Ngoja."

Dúró ná, nìyẹn. Ohun tí télọ̀ mi níbí máa ń sọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí nìyẹn. Màmá mi ò gbọ́ Swahili rí láyé wọn!

Èsì rẹ ti dé: o ní kí n dúpẹ́, pé wọ́n lé mi padà ni. Bọ́sẹ̀, télọ̀ yẹn kì í fi "ngoja" lé ènìyàn. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dilẹ̀, á ní kí n máa wọlé bọ̀.